Ìṣọ́, Ìmójútó àti Amí: Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Mímúra Sọ́fúwíà tí Yóò Máa Ṣọ́ Apèsè Ìbánisọ̀rọ̀ Iléeṣẹ́

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ògbufọ̀ lè fi dípò ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní monitor, kò sì sí èyí tí ó bá èkejì dọ́gba nínú wọn. Ẹni tí ó ń ṣọ́ oko àgbàdo kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́, wíwò ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹyẹ bá dé, yóò ké. Ẹni tí ó ń mójú tó oko ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń roko, ó ń tún ọgbà ṣe, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a kórè. Ẹni tí ó ń ṣe amí ní tirẹ̀ kì í wo oko rárá. Ènìyàn ni ó ń wò, ní ìkọ̀kọ̀, fún àǹfààní ẹlòmíràn. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kò ṣe àṣìṣe èdè lásán. Ohun mìíràn ni ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí ì bá fi kan irú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Síbẹ̀, àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ti ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà wá, èyíinì ni fífi àfòmọ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lójú, àti yíyá ọ̀rọ̀ lò, tó láti ṣe iṣẹ́ yìí, bí ògbufọ̀ bá kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀dá láti inú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kì í pẹ́ kí ó tó já olówó rẹ̀ kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ṣe ìwọ̀n: mímúra sọ́fúwíà Operations Manager sílẹ̀ láti ṣọ́ Lync Server 2013. Méjèèjì jẹ́ ti Microsoft. Operations Manager ni ó dàgbà jù. Ìmọ̀ tí Microsoft gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ NetIQ ní 2000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Lync ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń ránṣẹ́ kúkúrú, tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní ohùn àti ní àwòrán, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìpàdé. Wọ́n sọ ọ́ di Skype for Business ní 2015, ìtìlẹ́yìn fún ẹ̀dà 2013 sì parí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2023. Ó dára fún ẹ̀kọ́ nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ara irú iṣẹ́ yìí ni ó hàn kedere nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ yòókù ni àwọn kan ń pè ní sáfà. Àyálò náà kò burú, ṣùgbọ́n kò bí ọmọ. Apèsè, láti inú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- àti ọ̀rọ̀-ìṣe pèsè, bí ọmọ púpọ̀: apèsè ìpàdé, apèsè ìwé, apèsè ibi ìpamọ́ dátà. Èyí tí ó tẹ́ni lọ́rùn jù nínú wọn ni orúkọ fún ẹ̀rọ tí Lync máa ń gbé sí etí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń dá àwọn tí ó wà lóde dúró kí wọ́n tó wọlé. Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu odi ìlú. Apèsè ibodè ni.

Lórí apèsè kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò gbé sọ́fúwíà kékeré kan sí, tí yóò máa wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí yóò sì máa jíṣẹ́ fún apèsè àgbà. Aṣojú ni gbogbo ènìyàn ń pe èyí, ó sì tọ́. Ìṣòro dé nígbà tí ìmúrasílẹ̀ bá tẹ̀síwájú díẹ̀. Lync kì í ṣe ẹ̀rọ kan; àkójọ ẹ̀rọ púpọ̀ ni, tí olúkúlùkù ní ipa tirẹ̀. Kí Operations Manager tó lè mọ gbogbo wọn, ó gbọ́dọ̀ fi àṣẹ fún aṣojú tí ó wà lórí ẹ̀rọ kan láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn. Àṣẹ yìí wà ní pípa nígbà tí wọ́n bá gbé aṣojú kalẹ̀. Alábòójútó ni yóò tàn án fúnra rẹ̀, lórí aṣojú kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún nǹkan méjì wọ̀nyí, agent àti proxy. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá yóò fún ògbufọ̀ ní aṣojú fún èkínní, yóò tún fún un ní aṣojú fún èkejì. Ìlànà tí yóò ti ibẹ̀ jáde ni pé kí wọ́n jẹ́ kí aṣojú ṣe aṣojú. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, yóò sì kọjá.

Ohun tí yóò tẹ̀lé e ni òfo. Ìṣàwárí kò kàn mú ohunkóhun bọ̀, àtẹ Lync sì ṣófo, bí ẹni pé iléeṣẹ́ náà kò ní apèsè ìbánisọ̀rọ̀ kankan. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ kejì yàtọ̀ pátápátá. Agbẹnusọ bá a mu jù lọ: ẹni tí ó wà níhìn-ín tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níhìn-ín. Kí aṣojú yìí lè ṣe agbẹnusọ fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn: gbólóhùn yìí yé ẹni tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹnu-ọ̀nà 5723 ni aṣojú ń gbà bá apèsè àgbà sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kan ilẹ̀kùn náà. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú agbo ilé kan, wọn yóò dá ara wọn mọ̀. Apèsè ibodè kì í sábà sí nínú agbo ilé náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún òun àti apèsè àgbà ní ìwé-ẹ̀rí tí olúkúlùkù yóò fi hàn, tàbí kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ alárinà kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí ara wọn ni aṣojú máa ń rán ìlù-ọkàn, àmì pé òun ṣì wà. Bí mẹ́ta bá kọjá láìdé, apèsè àgbà yóò kéde, yóò sì pe ẹ̀rọ náà wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni ó kú tàbí aṣojú nìkan. Àwọ̀ tí aṣojú bẹ́ẹ̀ yóò gbé wọ̀ lójú àtẹ ni àwọ̀ eérú. Àwọn kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí òkú. Kò rí bẹ́ẹ̀: pupa ni àìsàn líle, àwọ̀ eérú ń sọ pé a kò gbúròó. Ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ lè wà láyé kí ara rẹ̀ sì le.

Aṣojú lásán kò mọ Lync yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìmọ̀ nípa ohun tí yóò máa wò wà nínú ohun tí a lè pè ní àpò-ìmọ̀, tí àwọn tí ó ṣe Lync fúnra wọn dì. Méjì ni ti ẹ̀dà 2013: ọ̀kan fún àwọn ẹ̀yà Lync, ọ̀kan fún ìdánwò láti ìta. Àpò olóǹtẹ̀ ni wọ́n, ẹni tí ó rà á kò lè yí inú rẹ̀ padà. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó pa àṣẹ mìíràn lé e lórí, bíi kí ó gbé ààlà kan sókè tàbí kí ó pa ìṣọ́ kan. Àtúnpàṣẹ ni èyí, inú àpò mìíràn tí ó jẹ́ ti iléeṣẹ́ náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí. Àwọn tí ó ń kọ ọ́ sínú àpò ìpìlẹ̀ tí ó bá Operations Manager wá ń wá wàhálà fún ẹni tí yóò gbapò wọn, nítorí pé ó ṣòro láti yọ àpò-ìmọ̀ mìíràn kúrò lẹ́yìn náà.

Nínú àpò-ìmọ̀ ni irú olùṣọ́ méjì wà, ibí yìí gan-an sì ni àwọn ìtumọ̀ ti sábà máa ń dàpọ̀. Èkínní mọ ipò: ó mọ̀ pé ara ẹ̀yà kan le, tàbí ó rẹ̀ ẹ́, tàbí ó wà nínú ewu. Bí ẹ̀yà náà bá gbádùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ìkìlọ̀ rẹ̀. Èkejì kò mọ ipò rárá. Ó kàn ń jíṣẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ṣẹlẹ̀, ìkìlọ̀ tí ó bá gbé dìde yóò sì wà níbẹ̀ títí ènìyàn yóò fi wá tì í. Wọ́n ti pe èkejì ní òfin, nítorí pé rule ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Òfin kọ́ ni, kò de ẹnikẹ́ni. Awòpò dára fún èkínní, láti inú a-, wò àti ipò; ajíṣẹ́ dára fún èkejì. Ẹni tí ó bá mọ méjì yìí ní orúkọ kò ní jókòó kí ìkìlọ̀ ajíṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo awòpò lè wà ní àwọ̀ ewé kí iṣẹ́ máa lọ. Ẹ̀rọ wà láàyè, iṣẹ́ inú rẹ̀ ń lọ, àyè wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí òṣìṣẹ́ tí ó lè wọlé láti àárọ̀, nítorí ìwé-ẹ̀rí kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ìwọ̀sí ni fún ìṣọ́ kí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ni olùṣọ́ ti gbọ́. Nítorí èyí ni àpò-ìmọ̀ kejì fi wà. Wọn yóò gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí kò sí Lync Server lórí rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní orúkọ oníṣẹ́ méjì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ní ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15, ẹ̀rọ náà yóò wọlé bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, yóò ránṣẹ́ sí èkejì, yóò pè é, yóò ṣe ìpàdé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà, ìkìlọ̀ yóò dìde. Ẹ̀rọ aṣọ́nà ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, wọ́n sì lè fi í sí ẹ̀ka iléeṣẹ́ tí ó jìnnà kí wọ́n lè mọ bí ọ̀nà ṣe rí láti ibẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ aṣọ́nà ń ṣe ṣòro láti sọ lórúkọ. Ìdánrawò kò bá a mu, nítorí pé ẹni tí ó ń dánra wò ń kọ́ iṣẹ́ ni. Ìdánwò súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìdánwò lè jẹ́ èyí tí ènìyàn gidi ṣe. Ìdíbọ́n ni ó kù. Àwọn kan yóò kọ̀ ọ́ nítorí pé ẹni tí ó ń díbọ́n ń tan ènìyàn jẹ. Ó tọ́ kí wọ́n rántí pé ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń díbọ́n fún níhìn-ín, àti pé bí apèsè bá lè dá ẹni ìdíbọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́, ìdánwò náà kò wúlò mọ́. Iṣẹ́ ìdíbọ́n, nígbà náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ amí. Nínú Lync kan náà, ohun mìíràn wà tí Gẹ̀ẹ́sì tún pè ní monitoring, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú Operations Manager. Nínú ẹ̀dà 2010, ó ní ipa apèsè tirẹ̀. Ní ẹ̀dà 2013 wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àwọn apèsè iwájú. Ó ń kọ ẹni tí ó pe ẹnìkejì sílẹ̀, ìgbà tí ó pè é, bí ìpè náà ṣe pẹ́ tó, àti bí ohùn ṣe já gaara sí. Kì í kọ ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀tọ̀ tún ni iṣẹ́ ìfipamọ́, tí ó lè tọ́jú ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rán sí ara wọn. Ohun mẹ́ta nìyí: ìṣọ́, tí ó ń wo ìlera ẹ̀rọ, àkọsílẹ̀ ìpè, tí ó ń wo ìrìn ènìyàn, ìfipamọ́, tí ó ń di ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mú. Bí ìwé ìkéde fún àwọn òṣìṣẹ́ bá fi ṣíṣọ́ nìkan túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yálà kí àyà àwọn tí kò sí ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ wọn máa já lásán, tàbí kí àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́ máa rò pé ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń wò. Èyí kejì ni ó burú jù. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ní kí ẹni tí ó bá ń kó dátà ènìyàn jọ sọ ìdí tí ó fi ń kó o jọ fún ẹni tí ó ni ín. Ìkéde tí kò ya ohun mẹ́ta wọ̀nyí sọ́tọ̀ lè jẹ́ Yorùbá tí ó dùn-ún kà, kò tíì sọ ìdí náà.

Amí kò tọ́ fún ọ̀kankan nínú wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀. Bí wọn kò bá kéde rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó tọ́ fún èkejì àti ẹ̀kẹta.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kó ìbánisọ̀rọ̀ wọn lọ sí Teams, tí Microsoft bẹ̀rẹ̀ ní 2017, apèsè kúrò lọ́wọ́ wọn. Iléeṣẹ́ kò lè gbé aṣojú sórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀, apèsè ibodè tirẹ̀ kò sì sí mọ́. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó gbé ẹ̀rọ aṣọ́nà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ ìdíbọ́n láti ìta, kí ó lè mọ̀ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rí ọ̀nà kọjá.