Àpótí Ìmọ̀: Gásíkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Jó Léraléra

Bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fọ́kílífíìtì bá jó lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé ó ti gbó. Bó bá tún jó láàárín oṣù díẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń pa á.

Rédíétọ̀ ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fọ́kílífíìtì kì í sáré débi tí afẹ́fẹ́ ọ̀nà yóò fi tù ú lára. Fáànù nìkan ló gbójú lé. Nínú ilé ìkẹ́rùsí, eruku, ọ̀rá àti ìdọ̀tí páálí a máa dí ojú rédíétọ̀ pa, níbi tí ojú awakọ̀ kò tó.

Lẹ́yìn náà, kí ó gbé irin tó gún gbọọrọ lé ojú orí ẹ́ńjìnnì. Bí ewé irin tó nípọn ju 0.1 mm lọ bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, orí náà ti tẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì lè gbà. Ojú búlọ́ọ̀kù náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.