Ẹ̀KỌ́ WA: ÀWỌN OBÌNRIN ỌLỌ́JÀ TÓ GBÉ OGUN RÓ

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun, orúkọ ọkùnrin la sáàbà ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ta ẹ̀tù fún ẹni tó yìnbọn? Ta ló fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ibùdó? Àwọn ọlọ́jà bíi tiwa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnróyè Tinúbú, Èkó ló ti di olówó ńlá. Ní 1856, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó, ó bá kó wá sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun Dàhòmì dé ní oṣù kẹta ọdún 1864, òun ló kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Wọ́n ṣẹ́gun, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá.

Ìbàdàn ò jìnnà sí wa ní Ìwó níbí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni Ìyálóde wọn. Oko rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fún àwọn olórí ogun ní ohun ìjà láwìn, pé tí wọ́n bá ti ogun dé, wọ́n á san án. Àwọn òpìtàn sọ pé gbèsè ọ̀hún pọ̀ títí ó fi ní òun ò ṣe mọ́. Ààrẹ Látòósà bínú. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí ibùdó, kò wá pàdé òun nígbà tí òun dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1874, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ, wọ́n pa á sínú ilé rẹ̀.

A ò ní purọ́ o: ẹrú wà nínú ọrọ̀ àwọn méjèèjì. A ò yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀sùn kejì yẹn dáadáa. Tí ogun bá lè dúró láìsí ọjà obìnrin, kí ló dé tí wọ́n fi bínú pé kò fi nǹkan ránṣẹ́? Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni agbára wọn wà. Òun nìkan ló dá sọ pé "ó tó". Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ̀kọ́ tiwa nìyí. Ẹni ńlá tó bá fẹ́ ọjà láwìn, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká pe ẹlẹ́rìí, ká dá ọjọ́ tó máa san. Tó bá di ká kọ̀, ká kọ̀ ọ́ pọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dá a kọ̀. Ẹ sì sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n mọ̀ pé ìyá ọlọ́jà náà jagun.

A ó jíròrò lé e lórí ní ìpàdé. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́