Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Lẹ́jà Kan, Kọ́kọ́rọ́ Púpọ̀

Ẹ̀kọ́ tòní le díẹ̀, ṣùgbọ́n owó yín ló dá lé lórí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá ríran dáadáa mọ́, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ṣì rántí ọ̀rọ̀ ìyá oníṣu kan láti Ọ̀kà tó wá yáwó lọ́wọ́ wa. Ó mú onígbọ̀wọ́ méjì dání. Nínú ìwé ìfowópamọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ₦186,000 ló ti tọ́jú sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tí a ṣí lẹ́jà Ìkàrẹ́, ₦142,000 péré la bá níbẹ̀. Ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn bá ní la máa ń yá a, ìyẹn ni pé ₦88,000 fò kúrò lára owó tí màmá ń retí. Ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ wá ń kùn pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń jí owó jẹ nínú ẹgbẹ́ yìí.

Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a, ìwé Ọ̀kà la sì ti rí i: oṣù mẹ́rin ni màmá ti ń san ₦11,000 lóṣooṣù fún akọ̀wé Ọ̀kà, akọ̀wé sì kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ráyè gbé ìwé wá sí Ìkàrẹ́ kí a dà á kọ. Owó ọkọ̀ ti wọ́n. Ẹni tó bá ti Ìwárò-Ọ̀kà wọkọ̀, tó gba Àkùngbá kọjá dé ọ̀dọ̀ wa tó sì padà, mọ ohun tí à ń wí. Màmá rí owó rẹ̀ yá lóṣù kejì, ṣùgbọ́n iṣu tó fẹ́ rà ti gbówó lórí nígbà yẹn. Àdánù náà tiwọn ni, ẹ̀bi náà tiwa ni.

Ohun tó fa wàhálà ni pé lẹ́jà méjì la ní fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ti jáde ní Nàìjíríà, inú ìwé ni àwọn bàbá wa ti ń kọ owó, ìwé náà kò sì ní àléébù tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ń gbé àdúgbò kan. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá di ìlú méjì ni ọ̀rọ̀ ń yí padà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a ra kọ̀ǹpútà kan sí Ìkàrẹ́, kí a ra òmíràn sí Ọ̀kà. A gbìyànjú rẹ̀. Kí la rí? Lẹ́jà méjì náà ni, iná mànàmáná la kàn fi kún un. Akọ̀wé ń fi fláàṣì gbé fáìlì, ọjọ́ kan fláàṣì sọnù sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi WhatsApp ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fáìlì mẹ́ta fi wà, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí iye inú wọn kò sì bára mu. Akápò ní tòun lòótọ́, akọ̀wé ní irọ́ ni. Ká sòótọ́, ìwé àtijọ́ sàn ju ìyẹn lọ, nítorí ìwé kan kì í bí ọmọ mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn báńkì ti la irú ọ̀nà yìí kọjá ṣáájú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ní nǹkan bí ọdún 1985, ẹ rántí. Bí o bá ní owó ní báńkì ní Ìkàrẹ́, tí o wá rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, kì í rọrùn kí o gba owó níbẹ̀, báńkì kan náà ni ìbáà jẹ́. Ìkàrẹ́ ni lẹ́jà rẹ wà. Ẹni tó jókòó ní Ìbàdàn kò mọ̀ bóyá o ní kọ́bọ̀ tàbí o kò ní. Nígbà tó yá ni wọ́n kó gbogbo lẹ́jà sí ojú kan ní olú ilé-iṣẹ́, tí gbogbo ẹ̀ka sì ń wò ó láti ibi tí wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọ̀kà fi lè fún yín lówó lónìí. Kò sí lẹ́jà kankan nínú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ yẹn. Ó kàn ń bi lẹ́jà ńlá tó wà lọ́nà jíjìn léèrè ni, èsì sì ń padà.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa náà fẹ́ ṣe nìyẹn, ní ìwọ̀n tiwa. A óò ní kọ̀ǹpútà àgbà kan. Ó lè wà nínú yàrá tí a tì pa ní Ìkàrẹ́, ó sì lè jẹ́ pé a óò háyà ààyè lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní cloud. Lẹ́jà àti ètò tó ń ṣírò rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé Ọ̀kà yóò ṣí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kékeré, yóò rí ojú ewé tó bá fẹ́, yóò tẹ ₦11,000 sí orúkọ màmá, Ìkàrẹ́ yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀. Fèrèsé lásán ni fóònù yẹn. Bó bá já sí gọ́tà, fóònù ló bàjẹ́, lẹ́jà kò bàjẹ́.

Bàbá kan béèrè nípàdé pé, “Bí akọ̀wé bá lè wọlé láti Ọ̀kà, kí ni kò ní jẹ́ kí olè wọlé láti ibikíbi?” Ìbéèrè náà dáa púpọ̀. Ọ̀nà tó la sílẹ̀ fún ẹni tiwa, olè náà lè tọ̀ ọ́. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà wò tọ̀sán-tòru, wọn kò mọ Ìkàrẹ́, wọn kò mọ Ọ̀kà, èyí tó bá ṣí ni wọ́n ń bá wọlé. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n lè ti gbogbo lẹ́jà pa kí wọ́n sì ní ká wá sanwó ká tó rí i. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún wa pé ká kàn ṣí ojú kọ̀ǹpútà àgbà sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ lè yá, a ò ní gbà fún un.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Ẹ rántí àrokò. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń gbé àrokò lọ lè máà mọ ohun tó wà níbẹ̀; ẹni tó rán an àti ẹni tí a rán an sí nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní VPN ṣe ń ṣe. Ó ń sọ gbogbo ohun tí akọ̀wé bá tẹ̀ di àrokò kó tó kúrò nínú fóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbà nìkan ló sì lè tú u. Bí ó bá gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, ẹni tó bá dá a dúró lọ́nà kò ní rí nǹkan kan kà. Ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ gba ojú VPN, kò ní rí ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà àgbà rárá débi pé yóò kàn án. Àwọn VPN kan wà tó dára tí a kì í sanwó fún, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò la máa sanwó rẹ̀.

Ohun kejì ni kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ la sì ti máa ń ṣe àṣìṣe jù. Ní ọdún 1961, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè jùmọ̀ lo kọ̀ǹpútà ńlá kan, oníkálukú láti ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀. Wọ́n fún oníkálukú ní pásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tó di 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Allan Scherr, tí wákàtí tí wọ́n fún un kò tó o, ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn wà jáde sórí ìwé. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó wá ń fi orúkọ ẹlòmíràn wọlé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀!

Nítorí náà pásíwọ́ọ̀dù nìkan kò tó. PIN olóókan mẹ́rin, oríṣi 10,000 péré ló lè jẹ́, ẹ̀rọ tí kò bá sí ohun tó dá a dúró lè ti gbogbo rẹ̀ wò kí ènìyàn tó fọ abọ́ tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan, tí ẹ tò pọ̀, ló dáa. Kì í ṣe orúkọ àkọ́bí yín o, gbogbo ọjà ló mọ ìyẹn. Lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, fóònù akọ̀wé yóò tún fún un ní nọ́ńbà tí kì í pẹ́ kú, òun ni kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹni tó bá jí ọ̀kan kò tíì rí èkejì.

Kí oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ má sọ pé, “Àbúrò mi ni, kó bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ọjọ́ tí owó bá pòórá, orúkọ yín ni kọ̀ǹpútà yóò pè, kò ní pe ti àbúrò, nítorí ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé, ọjọ́, wákàtí àti ohun tó ṣe. A sì ti fẹnu kò pé kọ́kọ́rọ́ kò ní dọ́gba. Akọ̀wé Ọ̀kà lè kọ owó tó wọlé ní Ọ̀kà, kò lè fọwọ́ sí ẹ̀yáwó. Alága àti akápò ni yóò jùmọ̀ fọwọ́ sí i, ọ̀kan kò lè dá a ṣe. Ayẹ̀wéwò lè ka gbogbo rẹ̀, kò lè kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò rí tirẹ̀ nìkan. Kò sì sẹ́ni tó lè pa nǹkan rẹ́, títí kan alága. Àṣìṣe ni a óò fi ìlà tuntun tún ṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe pẹ̀lú yíǹkì pupa tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí akọ̀wé bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ yẹn náà la óò ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa, ìbáà ṣe pé tẹ̀ríntẹ̀yẹ la fi pínyà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀kan wà tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹnì kan lè pè yín, á ní láti báńkì yín tàbí láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni, pé kí ẹ gbé ètò kan sórí fóònù kí òun lè bá yín tún nǹkan ṣe. Ètò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èṣù. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń lò ó láti wo ojú ẹ̀rọ ẹni tó jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀ tí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tó béèrè, ohun gbogbo tí ẹ̀ ń rí ni òun náà ń rí, ó sì lè máa tẹ fóònù yín bí ẹni pé ọwọ́ yín ni. Bí ẹ kò bá pè é, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kò ní béèrè nọ́ńbà ìwọlé yín láé, bó ti wù kí ohùn ẹni tó pè jọ ti akápò tó.

Bàbá kan náà tún ní ìwé kì í béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó jàre dé ààbọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà sì dẹnu kọlẹ̀. Nítorí náà ìwé rìsíìtì oní-nọ́ńbà kò ní kúrò ní Ọ̀kà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, akọ̀wé á gba owó, á já rìsíìtì, á sì tẹ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́jà ní ọjọ́ tó bá padà, pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. Síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò máa lò. Ẹ̀dà lẹ́jà yóò sì máa lọ síbòmíràn lálaalẹ́, a ó sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, a ò lè fọkàn tẹ̀ ẹ́.

Òfin náà ti dé ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sọ pé bí ìsọfúnni ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa wọ́n lára, a gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba létí láàárín wákàtí 72. A kò gbọdọ̀ fi bò.

Kí a tó gbé ohunkóhun sínú lẹ́jà tuntun, ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ bára mu. Nípàdé oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú ìwé ìfowópamọ́ wọn àti rìsíìtì wá. Ọ̀kà la óò kọ́kọ́ ṣe, Ìkàrẹ́ yóò tẹ̀lé e. Akọ̀wé méjèèjì yóò jókòó pọ̀, wọn yóò ka iye owó oníkálukú fún un, òun náà yóò sì fọwọ́ sí i tàbí kó ní rárá. Ẹni tó bá ní rárá, a kò ní tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà títí a ó fi rí ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá.