Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Agogo Inú Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni nínú yín tí ó ti gbọ́ agogo akéde rí? Bóyá ẹnì kan tàbí méjì ni yóò nawọ́.

Láyé àtijọ́, bí ọba tàbí baálẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kí gbogbo ará ìlú gbọ́, akéde ni ó máa ń rán. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti oko dé, akéde a mú agogo rẹ̀, a sì máa lù ú láti àdúgbò kan dé èkejì. Bí ó bá lù ú tán, a ké pé ilé lágbájá jóná, kí àwọn ọkùnrin mú igi àti okùn wá, kí àwọn obìnrin pọn omi, kí gbogbo wọn pàdé níbẹ̀ ní kùtùkùtù ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èrò a pé. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé tí ó jóná a ti máa dìde.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Akéde kò kàn sọ pé, "Ẹ ṣàánú." Ó sọ ẹni tí ọ̀ràn dé bá, ó sọ ohun tí a nílò, ó sì sọ ibi tí a ó gbé e wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ṣùgbọ́n ohùn akéde kì í kọjá odi ìlú. Ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó tàbí ní Kútọnu kò lè gbọ́ ọ. Lónìí, agogo mìíràn ti wà, inú fóònù ni ó wà. Àwọn ènìyàn ń lo Facebook, WhatsApp àti àwọn ìkànnì ayélujára mìíràn láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ìyá rẹ bá fi ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tí ó wà ní London lè kà á kí o tó jẹ ẹ̀kọ kan tán.

Ní ọdún 2014, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ó fi agbára agogo yìí hàn. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ALS. Nínú ara wa, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹran ara. Bí o bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, àwọn ni wọ́n ń gbé àṣẹ náà lọ. ALS a máa pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mú kò ní lè rìn mọ́, kò ní lè sọ̀rọ̀, nígbẹ̀yìn kò ní lè mí dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbọ́ orúkọ àrùn náà rí.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà lára àwọn tí ó ń ṣe é. Ọ̀kan ni Pete Frates, tí ó ti gbá béésìbọ́ọ̀lù fún Boston College. Èkejì ni Pat Quinn, ará Yonkers ní ìpínlẹ̀ New York. Ní àkókò náà, àwọn ènìyàn kan ti ń fi omi tútù ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n mú kí eré náà di ti ALS, tí ó sì tàn káàkiri.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan yóò da garawa omi tí yìnyín kún inú rẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí, wọn yóò sì ya fídíò rẹ̀. Yóò wá dárúkọ àwọn mẹ́ta mìíràn pé kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 24, tàbí kí wọ́n fi 100 dọ́là ránṣẹ́ fún iṣẹ́ ALS. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó da omi tí ó sì tún fi owó ránṣẹ́.

Ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Bí ẹnì kan bá pe mẹ́ta, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì pe mẹ́ta mìíràn, ó di 9. Lẹ́yìn náà ó di 27, ó di 81, ó di 243. Bí ó bá dé ìgbà kẹwàá, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ̀, ẹni 59,049 ni a ó máa pè. Akéde wo ni ó lè rìn tó bẹ́ẹ̀? Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá dárúkọ rẹ níwájú gbogbo ayé, ó ṣòro láti sá pamọ́. Nítorí náà, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 17 ni ó fi fídíò tiwọn sórí Facebook, títí kan Bill Gates olówó.

Owó ńkọ́? Láti ìparí oṣù keje sí ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2013, mílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ ALS Association rí gbà. Ní irú àkókò kan náà ní ọdún 2014, ó lé ní mílíọ̀nù 100. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mílíọ̀nù 115 dọ́là ni ó ti wọlé.

Àwọn kan wà tí wọ́n da omi lé orí tán tí wọn kò lè sọ àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ dà á. Ẹ̀rín ni wọ́n wá rín, wọn kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ara tútù nìkan kò tíì di ọrẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà sọ fún aráyé bí wọ́n ṣe ná owó. Nǹkan bí mílíọ̀nù 77 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí owó yìí wà lára ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ kéde pé àwọn ti rí jíìnì kan, NEK1, tí ó ní ọwọ́ nínú àrùn náà. Pete Frates kú ní ọdún 2019, Pat Quinn kú ní ọdún 2020. A kò tíì rí oògùn tí ó ń wo ALS sàn, ṣùgbọ́n ìwádìí ń lọ.

Bóyá ẹ ó sọ pé, "Tíṣà, Amẹ́ríkà nìyẹn." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Ní ọdún kan, ọ̀kadà gbá ọmọ kíláàsì mi kan nígbà tí ó ń lọ sílé. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ilé ìwòsàn ní iṣẹ́ abẹ ni a ó ṣe, owó rẹ̀ sì jẹ́ 260,000 náírà. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀kọ. Níbo ni yóò ti rí i?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wa: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú ọmọ wa tí ó wà ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yóò ṣàánú yín." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ka èsì. Àmín 41 ni mo bá níbẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò wọlé.

Alága ẹgbẹ́ wa, tí ó jẹ́ káfíńtà, wá bá mi ní ilé-ìwé.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo rí ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná. Èmi náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo ṣe àmín sí. Ọmọ ta ni? Kí ni ó ṣe é? Èló ni wọ́n ń béèrè? Ọwọ́ ta ni owó náà ń lọ?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ yín ní lẹ́tà kíkọ, n kò kọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

A kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọmọ náà láti gba àṣẹ. Ó ní, "Ẹ lè dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n, Tíṣà, ẹ má fi àwòrán ibi tí ó ti ń sunkún hàn wọ́n. Ọmọ mi kì í ṣe alágbe." Nítorí náà, àwòrán tí a yà ní ọjọ́ eré ìdárayá ni a lò, níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ ilé-ìwé. Lábẹ́ rẹ̀, a kọ orúkọ ọmọ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, orúkọ ilé ìwòsàn, iye owó tí wọ́n béèrè, àti àkáǹtì ẹgbẹ́ wa tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Alága fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ sí i kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè pè é.

Ní ọjọ́ kìíní, 23,500 náírà wọlé. Akápò ń kọ ọ́ síbẹ̀ ní alaalẹ́: èyí ni ó wọlé lónìí, èyí ni ó kù. Òbí kan fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ọ̀kan nínú wọn sì fi owó ránṣẹ́ láti London. Ẹlòmíràn fi 200 náírà ránṣẹ́, ó ní kí a má bínú. Ta ni yóò bínú? A kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ní ọjọ́ kẹrin, owó pé, a sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó ránṣẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọkùnrin kan pè mí láti Òṣogbo. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 10,000 náírà ránṣẹ́ ni, ó sì bi mí bí mílíọ̀nù méjì tí a ń wá ti pé. Mílíọ̀nù méjì kẹ̀! Nígbà tí ó fi ohun tí ó kà hàn mí, àyà mi là gààrà. Àwòrán ọmọ wa ni. Ọ̀rọ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkáǹtì kì í ṣe tiwa, wọ́n sì ti yọ nọ́ńbà fóònù alága kúrò. Olè kan ti gba agogo lọ́wọ́ akéde.

A kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí WhatsApp. A fi tó báǹkì àti àwọn ọlọ́pàá létí. Owó ọkùnrin náà kò padà. Ohun tí ó sọ fún mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi: "Tíṣà, bí ẹ bá tún ní irú èyí, ẹ fi ohùn yín pè mí. N kò tún fi owó sí ohun tí mo kàn kà mọ́."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. A ya àwòrán ìwé owó ilé ìwòsàn, a fi í hàn gbogbo àwọn tí ó dáwó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ náà padà sí kíláàsì pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jà sí ẹni tí yóò bá a gbé àpò.

Ẹ̀yin ọmọ, Facebook kò fàyè gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 13. Ẹ má ṣe gba fóònù Bàbá yín láti fi bẹ̀rẹ̀ ìdáwó lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ sọ fún òbí tàbí olùkọ́ yín, ẹ bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá sì rí ìdáwó lórí fóònù àwọn òbí yín, ẹ bá wọn wá nọ́ńbà tí wọ́n lè pè.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN
Akápò: ẹni tí ó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́.
Ìdáwó: owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kó jọ fún ohun kan.
Jíìnì: ohun kékeré inú ara tí òbí fi ń jogún ìrísí àti ìṣesí ara fún ọmọ.
Ṣiyèméjì: kí ohun kan má dá ènìyàn lójú.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni àwọn ohun mẹ́ta tí akéde máa ń sọ bí ilé bá jóná?
2. Kí ni ALS ń ṣe sí ara ènìyàn?
3. Kí ni ìdí tí àmín fi pọ̀ tí owó kò sì wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kìíní?
4. Kí ni ìdí tí ìyá ọmọ náà kò fi fẹ́ kí a lo àwòrán ibi tí ó ti ń sunkún? Ǹjẹ́ o gbà pẹ̀lú rẹ̀?
5. Kí ni olè náà yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa, kí sì ni ìdí rẹ̀?

IṢẸ́ ṢÍṢE
Afẹ́fẹ́ ti ṣí òrùlé kíláàsì kan ní ilé-ìwé yín. Kọ ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè fi sórí WhatsApp. Má jẹ́ kí ó ju ìlà mẹ́wàá lọ. Fún ọ̀rẹ́ rẹ kà, kí ó wá sọ fún ọ bí òun yóò bá dáwó tàbí òun yóò kàn ṣe àmín.