Epo Pupa: Pípọ́n Rẹ̀ àti Pípọ̀ Rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, ẹ wo ìgò epo pupa tó wà nídìí ààrò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti dì bí òrí, òkè rẹ̀ á ṣì máa ṣàn, pupa fòò. Pípọ́n yẹn àti dídì yẹn ló fà á tí àwọn kan fi ń pe epo ní oògùn, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní májèlé. Ohun tó mú epo pọ́n ni ara wa ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ara ọmọdé sì fi ń bá àìsàn jà. Bẹ́ẹ̀, fítámì yìí kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí epo díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ fi ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ náà ṣe wá lóore. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì. Bí ọ̀rá yìí bá pọ̀ lára lójoojúmọ́, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù á máa gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibo wá ni ó ti ń pọ̀ jù? Ìgò 75cl kan gba nǹkan bí àádọ́ta ṣíbí ńlá. Bí èèyàn mẹ́fà bá lo ìgò kan tán lọ́jọ́ mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ṣíbí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, èyí tí gíráàmù bíi 18 ọ̀rá dídì wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ọ̀rá yìí má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún wa. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lóòjọ́, kò ju gíráàmù 22 lọ. Bẹ́ẹ̀, a ò tíì ka ẹran, ẹyin àti wàrà mọ́ gíráàmù 18 ti epo yẹn. Bí ìgò yẹn bá pé ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀rá dídì yẹn á dín sí ìdajì, síbẹ̀ fítámì A kò ní wọ́n wọn.

Àwọn kan á ní epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rárá. Òótọ́ ni, ara èso ló ti wá. Ṣùgbọ́n inú ara wa gan-an ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ti ń jáde, ọ̀rá dídì ló sì ń jẹ́ kó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn baba wa jẹ epo ní àjẹtẹ́rùn, wọ́n sì dàgbà dàrúgbó. Àwọn tó dàgbà là ń rí tọ́ka sí. Àwọn tó ṣubú lulẹ̀ lójijì, tí wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n, kò sẹ́ni tó ka iye wọn. Àti pé, àgbẹ̀ tó fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó kọ ebè títí ọ̀sán, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó jókòó sórí ọ̀kadà tàbí sídìí àtẹ látàárọ̀ dalẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni epo tí a ń gbé kaná títí á fi rú èéfín, tí pupa rẹ̀ á ṣí, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ayamáṣẹ. Ohun tó ṣí lọ yẹn gan-an ni à bá fi ní fítámì A. Ọ̀rá dídì kò bá a lọ. Adùn ayamáṣẹ wà níbẹ̀, n ò jiyàn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ọjọ́ àríyá. Kì í sì í ṣe gbogbo pípọ́n ló dára: àwọn oníjìbìtì ń po àró tí wọ́n ń pè ní Sudan mọ́ epo, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún májèlé: ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì, ẹ má rọ ọ́ ní epo. Bó bá bì, kẹrosíìnì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Lálẹ́ òní, bí ẹ̀fọ́ bá jinná tí epo sì léfòó, ẹ fi ìpọnbẹ̀ rọra gbọ́n ọn sínú abọ́. Bó bá tutù, ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kí ẹ pín iye rẹ̀ fún iye ẹni tó fẹ́ jẹun.