Àjọkẹ́, Fìdí Lélẹ̀ Ná

Àjọkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi abọ́ yẹn sílẹ̀, fìdí lélẹ̀. Má wulẹ̀ máa rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi tí mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìkòtún, tí mo ru èlùbọ́ àti irú wá fún ọ, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ lánàá. Ọmọ dà? Wọ́n ní Tìtí wà ní yàrá kẹta, lọ́dọ̀ "Bọ̀dá". Bọ̀dá wo? Ta ni bàbá ẹ̀? Ìlú wo ló ti wá? O ò mọ̀. Ohun tí o mọ̀ ni pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń ra bisikíìtì fún ọmọ, kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Kọ́bọ̀ tí kì í gbà yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń ṣọ́dẹ lóru, tó yẹ kó máa sùn lọ́sàn-án, ló ń bá ọ tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ títí o fi máa ti ọjà dé? Mi ò ní ó ṣe nǹkan kan o. Ọmọ ọlọ́mọ ni, mi ò fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wẹ̀ fún Tìtí lálẹ́, ó ní Bọ̀dá sọ pé súìtì tí òun bá fún un, kó má sọ fún màmá rẹ̀. Irú súìtì wo ni ìyá ò gbọdọ̀ gbọ́ sí? Bí àwọn ìkà ṣe ń dán ọmọ wò nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé àṣírí kékeré fún un dì mú. Tó bá dì í mú tí kò jábọ́, wọ́n á gbé ńlá lé e lọ́wọ́.

O rò pé àjèjì tó ti inú igbó jáde ló ń ba ọmọ jẹ́? Àjọ Ètò Ìkànìyàn àti UNICEF ṣe ìwádìí kan káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2014: nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, bí ọ̀kan ti rí ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ kó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, bí ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọkùnrin náà. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ mọ̀, tó ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, ló sábà máa ń ṣe é.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé láyé agboolé, irú èyí kì í ṣẹlẹ̀. Agboolé ni wọ́n bí mi sí. Ojú pọ̀ lára ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ẹnu àwọn àgbà a máa kò: ká bo àṣírí ilé. Wọ́n á gbé ọmọ lọ sílùú ìyá rẹ̀, ọkùnrin náà á sì jókòó níbi ìpàdé ẹbí, á máa pa obì. Mo mọ ọ̀kan. Kò kú bọ̀rọ̀.

Ti òde òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ obì mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 wà, Èkó sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin 2003 là kalẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé 18 lò pọ̀. Kò lè ní ọmọ náà gbà fún òun. Ká má rí i, ṣùgbọ́n tí o bá fura, má wẹ ọmọ, má fọ pátá. Gbé e lọ sọ́sibítù kí wákàtí 72 tó kọjá, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel Centre tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọgbà ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà láti 2013, wọn kì í gbowó.

Kí ló dé tí Tìtí ń pe ojú ara rẹ̀ ní àkàrà? Tó bá wá sọ fún tíṣà pé ẹnì kan fọwọ́ kan àkàrà òun ńkọ́? Tíṣà á ní kó lọ ra òmíràn. Pe nǹkan lórúkọ rẹ̀ fún ọmọ. Kó kúnlẹ̀ kí àgbà, ó dára. Ìyẹn ò ní kó jókòó lé àgbà lẹ́sẹ̀.

Àpá orógùn tí mo rí lẹ́yìn Dàpọ̀ ọmọ rẹ ńkọ́? Dákẹ́, mo rí i. Ebi àti gbèsè lo ń nà, Àjọkẹ́, kì í ṣe Dàpọ̀.

Hẹn-ẹn, máa sunkún. Ìbáwí tèmi náà ń bọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú títì láti rí iṣẹ́ lébìrà, o pè mí. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo lọ́kọ ni? Fara dà á." Mo sì pa fóònù. Ẹni tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pa fóònù mọ́ ló ń wá Bọ̀dá kiri. Mo rò ó títí mo fi dé Ṣágámù.

Nítorí náà, mo ti lọ rí ìyá tó ni jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó gbà ká máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni n ó san ti sáà yìí; tó bá kan ọ́ ní èésú, o lè gba sísan rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sì wà níbí títí oṣù á fi parí. Lọ kí Bọ̀dá rẹ pé ó ṣé, ìyá àgbà ti dé, ọmọ ò ní wá mọ́. Má bá a jà, má ṣàlàyé.

Ó yá, gbé omi kaná. Mi ò ru èlùbọ́ wá kí a lè máa wò ó. Tìtí, bọ́ síbí, wá jókòó ti ìyá àgbà. Tún ìtàn súìtì yẹn sọ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dé òpin.