Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà Sí Ara Ọ̀pá Irin Tí A Ń Gbé Nílé?

Ọ̀rọ̀ irin gbígbé nínú ilé ni mo mú tọ̀ yín wá lónìí, nítorí pé ó ti di àṣà láàárín àwọn ọmọ wa, àti láàárín àwa tí ikùn wa ti ń yọ kọjá ìgbànú. Kì í ṣe irin náà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí bí kò ṣe àwọn nǹkan tí a máa ń rà sí i lára: ìdè, rọ́bà ìdìmú, ìtìmùtìmù èjìká, àti oríṣiríṣi ọ̀pá tí wọ́n tẹ̀. Ọjà náà pọ̀, ó sì ṣòro fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan láti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ rà.

N kò ní fi àṣìṣe tèmi pamọ́. Ní ilé wa ní Ìnísà, mo ra ọ̀pá irin kan àti àwo irin mẹ́jọ lọ́wọ́ oníṣòwò àlòkù kan. Ó ní kí n fi owó díẹ̀ sí i kí n mú ìdè, èyí tí ń há àwo mọ́ etí ọ̀pá kí ó má baà yọ. Mo ní rárá o. Rọ́bà ìdìmú dúdú kan tí ó nípọn, tí ó ń dán, ni mo fi owó náà rà, nítorí pé ó wù mí lójú.

Oṣù kan kò tíì pé tí ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gbé ọ̀pá náà dé àyà. Ó fì díẹ̀ sí apá òsì. Àwo apá òsì yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀; lójú kan náà ni apá ọ̀tún já wálẹ̀, bí òṣùwọ̀n tí a gbé ẹrù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Àwo kan bọ́ lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ náà, egungun ibẹ̀ sì dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi lè wọ bàtà. Ìyá rẹ̀ kò bá mi wí. “Ẹ má dààmú ara yín, bọ̀dá mi,” ni ó wí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ti ránṣẹ́ pe ẹni tí ń ra irin àlòkù.

Nítorí náà, ìdè ni àkọ́kọ́. Ní ọdún 2000, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney, ọmọ Nàìjíríà, Ruth Ogbeifo, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú irin gbígbé àwọn obìnrin ní ìsọ̀rí kílò 75. Àpapọ̀ ohun tí ó gbé jẹ́ kílò 245, iye kan náà pẹ̀lú María Isabel Urrutia ará Kòlóńbíà, ẹni tí ó gba wúrà nítorí pé ara rẹ̀ fúyẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ lásán ni wọ́n ń gbé, kò sí rọ́bà, kò sí ìtìmùtìmù. Ṣùgbọ́n ìdè wà ní etí méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó kílò 2.5.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fi téèpù wọn etí ọ̀pá yín níbi tí àwo ń wọ̀. Ti àwọn eléré ìdíje jẹ́ mìlímítà 50. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ilé jẹ́ nǹkan bí 25, èyíinì ni ínǹṣì kan. Ìdè ọ̀kan kò wúlò fún èkejì. Ìdè tí a fi wáyà ká bí sípíríǹgì kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, a máa yọ̀. Èyí tí ó ní ọwọ́ tí a ń tẹ̀ pa dára jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń po símẹ́ńtì sínú gáràwá ọ̀dà, ẹ gbé àárín ọ̀pá náà lé ẹ̀yìn àga tí ó lágbára: ẹ̀gbẹ́ tí ó bá lọ sílẹ̀ ni ó wúwo jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìdè, ibi tí ń dùn yín lára ni kí ẹ fi mọ ohun tí ẹ ó rà. Ẹni tí èjìká ń dùn, tí apá rẹ̀ kò fẹ́ nà tààrà sókè, ohun tí mo fẹ́ràn fún un ni ife irin tí a ń gbé sílẹ̀, tí etí ọ̀pá kan ń wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. A ó di etí kejì mú níwájú àyà, a ó sì tì í síwájú àti sókè pọ̀, bí ẹni tí ń gbé àkàbà ti ògiri. Ilẹ̀ ń bá wa gbé nínú ẹrù náà: ọ̀pá kílò 20 tí kò ní àwo kò ju nǹkan bí kílò 10 lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé etí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ lè ṣe ife náà. Bí owó kò bá sí, ẹ fi àkísà nípọn wé etí ọ̀pá, ẹ tì í bọ igun ògiri, kí ẹ sì gbé àpò yanrìn lé e. Ìyàwó ilé nìkan ni yóò bá yín jà nítorí ọ̀dà ògiri.

Ẹni tí ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu, ì báà ṣe nítorí oko tàbí ìjókòó ọ́fíìsì, ọ̀pá onígun mẹ́fà ni kí ó tọ́jú owó sí. Al Gerard, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní àwọn ọdún 1980. Inú rẹ̀ ni a ń dúró sí, bí ẹni tí ó gbé gáràwá omi méjì bọ̀ láti ibi kànga. Ẹrù wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, kò sí níwájú ojúgun, nítorí náà ẹ̀yìn kì í tẹ̀ púpọ̀. Ó wọ́n, ó sì ń gba àyè. Ṣùgbọ́n bí ìrora ẹ̀yìn bá ń sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wẹ́dà.

Ọ̀pá kékeré tí ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ dára fún ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn. Rọ́bà ìdìmú ń mú ọwọ́ le, ṣùgbọ́n ó ń mú kí irin tètè bọ́ lọ́wọ́. Òun ni kí ó kẹ́yìn.

Ẹnìkan yóò bi mí pé: bí mo bá sùn sábẹ́ ọ̀pá tí mo ń tì í sókè, tí agbára mi tán, ṣé kì í ṣe àìsí ìdè ni yóò jẹ́ kí n lè da àwo nù? Òótọ́ ni àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó dá wà nínú yàrá kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ ọ̀pá rárá, àyàfi bí ó bá ní ìdúró irin tí yóò gbà á. Kí ó lo ife ilẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa lo iṣan ara rẹ̀ lọ́nà báyìí ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ní ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì ń gbé e, ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ máa mí síta bí irin ti ń lọ sókè, nítorí pé èémí tí a há mọ́ àyà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójijì.